Ẹtì Rere: báwo la ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbélébùú láì sọ ọ́ di òrìṣà?

Adarí_Ọmọ_Pẹpẹ béèrè:

Ẹ kú àwẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹtì Rere ti sún mọ́lé, ẹgbẹ́ àwa tí à ń ṣiṣẹ́ yí pẹpẹ ká sì ni ìjọ gbé ètò àgbélébùú lé lọ́wọ́. Kátólíìkì ni wá. Ilé ìsìn wa kò tóbi, èrò tó ń wá lọ́jọ́ náà máa ń tó 600, àwọn mìíràn á sì wà níta lábẹ́ ìbòòrùn.

Ọ̀nà méjì ni ìbéèrè mi pín sí. Èkíní: báwo gan-an ni ètò náà ṣe ń lọ, láti ìgbà tí wọ́n bá gbé àgbélébùú wọlé títí ìsìn á fi parí? Kí ló máa ń dà á rú? Èkejì: àwọn ọ̀dọ́ wa ń béèrè, wọn kò sì fi ẹ̀gàn béèrè, pé bí Ẹ́kísódù 20 bá ní kí á má ṣe yá ère, kí á má sì tẹrí ba fún un, kí ni à ń kúnlẹ̀ níwájú igi sí? Ẹ jọ̀ọ́, "bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn" kò ní tó wọn. Ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ ni kó bá mi là á.

Aṣọ́nàTẹ́ńpìlì dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ètò, ẹlòmíràn á mú ti Ẹ́kísódù.

Kò sí Mísà lọ́jọ́ náà rárá. Ìsìn Ìjìyà Olúwa ni à ń ṣe, apá mẹ́ta ló sì ní: kíka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, bíbọ̀wọ̀ fún àgbélébùú, àti gbígba Ara Krístì, ìyẹn búrẹ́dì mímọ́, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Nǹkan bí agogo 3 ọ̀sán ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀, àfi bí ìdí pàtàkì bá mú kó pẹ́ díẹ̀ sí i. Aṣọ pupa ni Fáàdà ń wọ̀. Pẹpẹ gbọ́dọ̀ wà ní ìhòòhò: kò sí aṣọ, kò sí àbẹ́là, kò sí àgbélébùú lórí rẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Bí ẹ bá gbàgbé àgbélébùú kékeré kan síbẹ̀, ojú ìjọ ti rí ohun tó yẹ kó ṣì máa retí.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka ìjìyà Jésù nínú Jòhánù orí 18 àti 19, tí wọ́n sì ti gba àdúrà ẹ̀bẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán, ìgbà náà ni àgbélébùú á wọlé. Ọ̀nà méjì ni Ìwé Mísà, ìwé tí Fáàdà fi ń darí ìsìn, fàyè gbà. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ má lú wọn pọ̀.

Nínú ọ̀nà kìíní, aṣọ elésè àlùkò ló bo àgbélébùú. Díákónì tàbí ẹlòmíràn tó yẹ á gbé e wá, àwọn méjì á gbé àbẹ́là tó ń jó tẹ̀lé e. Fáàdà á dúró níwájú pẹpẹ, á kọjú sí ìjọ, á gbà á, á ṣí orí rẹ̀ díẹ̀, á gbé e sókè, á sì kọrin pé kí gbogbo ènìyàn wo igi àgbélébùú tí wọ́n gbé Ìgbàlà aráyé kọ́ sí. Ìjọ á dáhùn pé ẹ wá, ẹ jẹ́ kí á foríbalẹ̀. Gbogbo ìjọ á kúnlẹ̀, wọn á dákẹ́ díẹ̀. Fáàdà nìkan ló máa wà lórí ìdúró, tí á ṣì gbé àgbélébùú náà sókè. Ó di ẹ̀ẹ̀kejì, á ṣí apá ọ̀tún. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, á ṣí gbogbo rẹ̀.

Nínú ọ̀nà kejì, kò sí aṣọ. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbé àgbélébùú bọ̀, wọn á dúró lẹ́ẹ̀mẹta: nítòsí ẹnu ọ̀nà, láàárín ilé ìsìn, àti níwájú ibi pẹpẹ. Níbi ìdúró kọ̀ọ̀kan, wọn á gbé e sókè, orin kan náà, ìdáhùn kan náà, ìkúnlẹ̀ kan náà.

Pẹ̀lú èrò tí ẹ ní lábẹ́ ìbòòrùn, ọ̀nà kejì ni màá gbà yín níyànjú pé kí ẹ bá Fáàdà sọ. Ẹnu ọ̀nà ni ìdúró àkọ́kọ́, nítorí náà àwọn ará ìta á rí i kí ó tó wọlé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà kìíní ni Fáàdà fẹ́, aṣọ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ. Òun ló máa ń dà á rú. Wọ́n á fi pín-ìnnì so ó, pín-ìnnì á há, Fáàdà á máa fà á níwájú gbogbo ìjọ, tàbí kí gbogbo aṣọ já bọ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà tó jẹ́ pé orí nìkan ló fẹ́ ṣí. Okùn aṣọ ni kí ẹ lò, kí ìdè rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan fún orí, ọ̀kan fún apá ọ̀tún, ọ̀kan fún ìyókù. Kí ó jẹ́ ìdè tí wọ́n bá fa etí kan rẹ̀ á tú. Bí ère Jésù bá wà lára àgbélébùú náà, adé ẹ̀gún àti orí ìṣó máa ń kọ́ aṣọ. Aṣọ tó ń yọ̀ ló dára jù, kì í ṣe èyí tó ní ihò bíi léèsì. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò ní Ọjọ́bọ̀, ọwọ́ ẹni tó máa ṣí i gan-an ni kó fi tú u.

Fáàdà ló máa kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún un, bó bá sì yẹ bẹ́ẹ̀, á bọ́ aṣọ ìsìn òkè àti bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ pẹpẹ, lẹ́yìn wọn ni ìjọ, ní títò. Ìwé Mísà sọ pé kí wọ́n kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, tàbí kí wọ́n ṣe àmì mìíràn tó bá ìṣe ibẹ̀ mu, ó sì fi ìfẹnukò ṣe àpẹẹrẹ. Nítorí náà kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni fi ẹnu kan án. Ìyá àgbà tó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì ti ṣe é, bàbá tó dọ̀bálẹ̀ náà ti ṣe é.

Àgbélébùú kan ṣoṣo ni. Kí èrò pọ̀ tó báwo, ẹ má pín kéékèèké kiri orí àga láti fi yára. Ìwé Mísà sọ ọ́ gbangba. Olúwa kan ló kú, igi kan la gbé e kọ́ sí, ojú kan náà ni gbogbo ìjọ sì ń wọ́ lọ.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú àáyá 5, ènìyàn 300 á gba ìṣẹ́jú 25. 600 á gba ìṣẹ́jú 50. Tí wọ́n bá lo ìṣẹ́jú àáyá 10, 600 ti di wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 40. Ìlà méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí wọ́n máa gba ara wọn láyè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, máa ń jẹ́ kó yára, torí ẹnì kan á ti ń dìde bí ẹnì kejì ṣe ń kúnlẹ̀. Bí kò bá tún ṣeé ṣe, àyè wà: lẹ́yìn tí àwọn díẹ̀ bá ti ṣe tiwọn, Fáàdà á gba àgbélébùú, á dúró láàárín níwájú pẹpẹ, á sọ̀rọ̀ ṣókí láti pe ìjọ, á gbé e sókè, gbogbo ènìyàn á sì bọ̀wọ̀ fún un ní ìdákẹ́jẹ́ láti ibi tí wọ́n wà. Ẹ bá Fáàdà fẹnu kò ṣáájú lórí ìgbà tí ó máa ṣe é. Ẹni tó bá ń dúró lórí ìlà tí wọ́n wá gé e lójijì máa ń lọ sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìwé_Àtijọ́ dáhùn:

Ẹ ṣeun, Aṣọ́nà. Èmi á mú ti àwọn ọ̀dọ́.

Ẹ má fi ẹsẹ Bíbélì kankan pamọ́ fún wọn. Ìwé Ẹ́kísódù tó ní kí wọ́n má ṣe yá ère ní orí 20 náà ló ní kí Mósè fi wúrà ṣe kérúbù méjì sórí àpótí ẹ̀rí ní orí 25. Nínú Nọ́ńbà 21, Ọlọ́run ní kí ó fi idẹ ṣe ejò, kí ó gbé e kọ́ sórí òpó, ẹni tí ejò bá bù jẹ tó bá wò ó á yè. Jésù fi ejò yẹn ṣàpèjúwe ara rẹ̀ nínú Jòhánù 3:14. Ṣùgbọ́n ẹ ka 2 Ọba 18:4 fún wọn pẹ̀lú: Ọba Hesekáyà fọ́ ejò idẹ náà túútúú, nítorí pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń sun tùràrí sí i. Ejò kan náà ni. Ohun tó yí padà ni ohun tí wọ́n ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní aginjù, wọ́n wò ó nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó wà nídìí rẹ̀. Nígbà Hesekáyà, ejò fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bọ.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyẹn, òun sì ni ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Níséà ní ọdún 787 ṣàlàyé: ìsìn tòótọ́ jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan, ọ̀wọ̀ tí a bá fún àwòrán sì ń kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí àwòrán náà dúró fún. Nígbà tí wọ́n ń sọ bí ó ṣe yẹ kí á bọ̀wọ̀ fún àwòrán mímọ́, àgbélébùú ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Kí ló fà á tí wọ́n fi lè ṣe bẹ́ẹ̀? Nítorí pé àwọn tó ń fọ́ àwòrán mímọ́ láyé ìgbà náà pàápàá kò bá àgbélébùú jà. Ilé ìsìn Hagia Irene wà ní Istanbul di òní. Ìmìtìtì ilẹ̀ bà á jẹ́ ní ọdún 740, àwọn ọba tó kórìíra àwòrán ló tún un kọ́, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sí òkè ibi pẹpẹ ni àgbélébùú ńlá kan.

Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn Kátólíìkì ní ọ̀rúndún kẹtàlá, sọ ọ́ lọ́nà tó ṣeé dì mú: bí ọkàn bá lọ sọ́dọ̀ ère gẹ́gẹ́ bí igi tí wọ́n gbẹ́ lásán, kò sí ọ̀wọ̀ kankan tó tọ́ sí i, bó bá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwòrán Krístì, ọ̀dọ̀ Krístì ló dé. Ẹni tí ọba bá rán níṣẹ́ tó gbé ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́, àwọn ará ìlú á tẹrí ba fún ọ̀pá náà. Kò sí ẹni tó rò pé igi ló ń ṣèlú.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún mọ bí ohun yìí ṣe jẹ́ ìtìjú tó ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹrú àti ọlọ̀tẹ̀ ni àwọn ará Róòmù ń kàn mọ́ àgbélébùú. Òfin Mósè pe ẹni tí a gbé kọ́ sórí igi ní ẹni ègún (Diutarónómì 21:23), Pọ́ọ̀lù kò sì sá fún ọ̀rọ̀ náà, ó ní Krístì di ègún fún wa (Gálátíà 3:13). Lórí òkè Palatine ní Róòmù, wọ́n rí àwòrán kan tí ẹnì kan fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó ya sára ògiri láyé àtijọ́: ọkùnrin kan gbé ọwọ́ sókè níwájú ẹni tí a kàn mọ́ àgbélébùú, orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n yà fún ẹni náà, wọ́n sì kọ ọ́ ní Gíríìkì sí abẹ́ rẹ̀ pé Alexamenos ń sin ọlọ́run rẹ̀. Ẹ̀sín ni wọ́n fi ń ṣe. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ọdún 17 bá kúnlẹ̀ ní Ẹtì Rere, ohun tí ayé fi bu Olúwa rẹ̀ kù ló ń gbé sókè pé ògo òun nìyí.

Ọmọ_Áńgílíkà dáhùn:

Mo gba ti Níséà, síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí n fi ìbẹ̀rù tiwa kún un, torí kì í ṣe ìkórìíra ló mú kí ọ̀pọ̀ ìjọ Alátùn-únṣe (Pùròtẹ́sítáǹtì) yàgò fún fífi ẹnu ko igi. Ohun tí Hesekáyà rí ni wọ́n bẹ̀rù pé á tún ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1543, Calvin, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, kọ ọ́ pé bí wọ́n bá kó gbogbo ègé tí wọ́n ń pè ní igi àgbélébùú Jésù jọ, á kún ọkọ̀ ojú omi.

Àwa náà kò kọ àmì rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe ìrìbọmi ní ìjọ Áńgílíkà, àlùfáà á fi àmì àgbélébùú sí iwájú orí ọmọ. Àwọn Púrítánì, tó fẹ́ fọ ìjọ náà mọ́ kúrò nínú àṣà Kátólíìkì, bínú sí i púpọ̀, òfin ìjọ tọdún 1604 sì fi ìpín odindi kan ṣàlàyé pé àmì náà kò fi ohunkóhun kún agbára ìrìbọmi, ó kàn ń fi hàn pé ti Krístì ni ọmọ náà.

Ohun tó ń dùn mí ni ti òde òní. Àgbélébùú lábẹ́ ìrọ̀rí kí àlá burúkú má bàa wá. Àgbélébùú nínú mọ́tò, kí awakọ̀ sì máa sáré àsápajúdé. Bí ẹ bá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ti Ẹtì Rere tán, ẹ kọ́ wọn ní ti èyí pẹ̀lú.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìwé_Àtijọ́ dáhùn:

Ẹ sọ òótọ́, mi ò sì ní jà yín níyàn lórí mọ́tò. Lórí ti Calvin: ní ọdún 1870, Rohault de Fleury, ará Faransé, ṣírò gbogbo ègé tí ó lè rí àkọsílẹ̀ wọn. Àpapọ̀ wọn kò tó lítà 4, nígbà tí ó fojú bu odindi àgbélébùú sí nǹkan bíi lítà 178. Èyí kò sọ pé òótọ́ ni ègé kọ̀ọ̀kan o. Ohun tó sọ kò ju pé wọn kò kún ọkọ̀. Ìgbàgbọ́ Kátólíìkì kò sì dúró lórí ègé igi: àgbélébùú tí káfíńtà àdúgbò kàn lánàá tó fún Ẹtì Rere.

Adarí_Ọmọ_Pẹpẹ:

Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á bùkún ìmọ̀ yín. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Àgbélébùú wa ti jẹrà, a fẹ́ kí káfíńtà ṣe òmíràn: báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó, ṣé dandan ni kí ère wà lórí rẹ̀? Báwo ni a ṣe ń nù ún láàárín ènìyàn sí ènìyàn? Àti pé, níbo ni kí á gbé igbá ọrẹ sí?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìjọ dáhùn:

Ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 5 ní gígùn, apá rẹ̀ kí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀ sí 3. Bó bá kéré jù, àwọn tó wà lẹ́yìn kò ní rí i. Bó bá tóbi jù, Fáàdà á gbọ̀n nígbà tó bá gbé e sókè lẹ́ẹ̀kẹta. Ìrókò dára, ṣùgbọ́n ó wúwo. Bí ẹ bá fẹ́ ìrókò, kí igi rẹ̀ má nípọn ju íǹṣì 2. Igi ọ̀mọ̀ fúyẹ́ jù ú lọ. Ibi tí igi méjèèjì ti pàdé, kí káfíńtà gé ìdajì kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè wọ ara wọn, kí ó fi gúlù àti súkúrù mú un láti ẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n bá kàn fi ìṣó méjì lásán kàn pọ̀ á máa mì, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì tú u kí ìsìn tó parí. Kí ó fi sáńpépà fá ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, níbi tí ètè máa kàn. Fáníìṣì gbọ́dọ̀ ti gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, torí òórùn rẹ̀, àti pé èyí tí kò tíì gbẹ máa ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́nu.

Ti ère: Ìwé Mísà kàn pè é ní àgbélébùú ní ọjọ́ náà, nítorí náà èyí tó ní ère àti èyí tí kò ní in ni àwọn ìjọ ń lò. Àgbélébùú orí pẹpẹ fún Mísà ni òfin sọ pé kí ère Krístì wà lórí rẹ̀.

Aṣọ́nàTẹ́ńpìlì dáhùn:

Fún nínù: ènìyàn méjì ni kó di àgbélébùú mú, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, kí ẹni kẹta wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. Lẹ́yìn ìfẹnukò kọ̀ọ̀kan ni kó nù ún, kí ó máa yí ojú aṣọ padà, kí ó pààrọ̀ aṣọ náà bí ó bá ti tutù. Aṣọ 6 sí 8 á tó fún èrò yín. Ẹ má da sípírítì sí i, ó ń bó fáníìṣì. Ẹ kéde ṣáájú ìsìn pé ẹni tó bá ní ikọ́ tàbí egbò ètè kó tẹrí ba tàbí kó kúnlẹ̀, ọ̀wọ̀ kan náà ni. Ìkéde yìí gbọ́dọ̀ wáyé kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ìlà ti ń lọ.

Ìdí tí àwọn méjì fi ń dì í mú ti pẹ́. Egeria, obìnrin arìnrìn-àjò kan tó dé Jerúsálẹ́mù ní nǹkan bí ọdún 381 sí 384, kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù á jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí, á fi ọwọ́ méjèèjì di orí igi mímọ́ náà mú ṣinṣin, àwọn díákónì á dúró yí i ká. Láti nǹkan bí agogo 8 àárọ̀ títí di ọ̀sán gangan ni àwọn ènìyàn ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan: wọn á tẹrí ba, wọn á fi iwájú orí kàn án, lẹ́yìn náà ojú, wọn á fẹnu kò ó, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Ó ní ohun tó fà á tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹnì kan ti fi eyín gé lára rẹ̀ rí, ó sì jí i lọ.

Ti igbá ọrẹ: ẹ má gbé e sí ẹsẹ̀ àgbélébùú. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló rọrùn jù, ọ̀pọ̀ ìjọ ló sì ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tó wá láti ìta á rò pé owó ni a fi ń ra àyè láti kúnlẹ̀. Ọrẹ ọjọ́ náà, àwọn Krístẹ́nì Ilẹ̀ Mímọ́ la sábà máa ń kó o fún. Ẹnu ọ̀nà ni kó wà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde, kí Fáàdà sì sọ ohun tó wà fún.

Ohun kan kù tí ẹ kò béèrè. Lẹ́yìn ìbọ̀wọ̀, àgbélébùú á wà níbi pẹpẹ pẹ̀lú àbẹ́là. Nígbà tí ìsìn bá parí, ẹ ká aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí pẹpẹ nítorí gbígba Ara Krístì kúrò, kí ẹ fi àgbélébùú sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá àbẹ́là 2 tàbí 4. Láti ìgbà náà títí di Ìṣọ́ Òru Àjíǹde, ẹni tó bá kọjá níwájú rẹ̀ á kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, bí a ṣe máa ń ṣe fún Ara Krístì. Àwọn ọmọ pẹpẹ máa ń kúnlẹ̀ sí tabanákù, àpótí tí a ń tọ́jú Ara Krístì sí, nítorí pé ó ti mọ́ wọn lára, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣófo. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, wọn á rántí.